Páìpù Tí Kò Gbóná

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín níbi tí ẹ wà o. Ṣọ́ọ̀bù yín ní Bẹ̀rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́, nítorí ó kù díẹ̀ kó bọ́ lọ́wọ́ wa.

Lẹ́yìn tí a sin yín, àbúrò yín, Bàbá Bẹyẹrúnkà, ní àwọn ò rí obìnrin tó ń tún alùpùpù ṣe rí, pé àwọn á fi ṣọ́ọ̀bù náà háyà fún aránṣọ kan. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní kí n tún alùpùpù Tíṣà ṣe kó tó di Sátidé. Bí n kò bá rí i ṣe, kí n kó ẹrù mi jáde.

Ẹ rántí Tíṣà, ọ̀rẹ́ yín tó ń gbé Òkè Bọ́lá? Ọmọ wọn ló fi alùpùpù ńlá náà ránṣẹ́ láti Jámánì. Ó ti gbó díẹ̀, kò sì ní kábúrétọ̀ bíi tàwọn tí ẹ fi kọ́ mi níṣẹ́. Ẹnu kéékèèké mẹ́rin ló ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún sílíńdà kan tí epo ti ń jó nínú. Bí Tíṣà bá ti dẹwọ́ eré, á máa gbọ̀n, á máa wúkọ́, á sì kú mọ́ wọn lábẹ́ ní Mọ́lété, kí àwọn onímọ́tò máa fun fèrè lé wọn lórí.

Ojú kán mi, Bàbá. Mo mú irinṣẹ́, mo ń yí síkúrù bí ẹni ń tọ́ kábúrétọ̀. Síkúrù tí wọ́n ti fi ọ̀dà dí láti ibi tí wọ́n ti ṣe é ni mo ń yí o! N kò sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ilẹ̀kùn bí síkúrù náà ṣe wà kí n tó yí i, ohun tí ẹ kì í gbàgbé láé. Ó wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo jókòó sórí táyà, mo sunkún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí, mo bínú sí yín lọ́jọ́ náà pé ẹ tètè lọ.

Nígbà tí mo nujú tán ni mo rí àwọn àmì ṣọ́ọ̀kì yín lára ilẹ̀kùn. Mo bi ara mi léèrè pé kí lẹ̀yin ì bá kọ́kọ́ ṣe. Ẹ ò ní fọwọ́ kan síkúrù kankan. Ẹ ó tẹ orí sápá òsì, ẹ ó máa kun orin ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó sì máa gbọ́ ẹ́ńjìnnì.

Mo to ojú ọ̀dà tó ya pọ̀ láti fi dá síkúrù padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ọpẹ́ ni pé n kò tíì yí i jìnnà. Mo tan ẹ́ńjìnnì, mo wá ń kán omi sórí páìpù èéfín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Mẹ́ta hó ṣàà. Omi kàn ṣàn lọ lórí ìkẹrin ni, kò gbóná rárá. Ṣé ẹ rí i? Sílíńdà kan péré ló ń ṣàìsàn.

Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ń ṣáná dáadáa. Mo ta omi ọṣẹ sí rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú rẹ̀, ohùn ẹ́ńjìnnì sì yí padà lójú ẹsẹ̀. Rọ́bà ti sán, ó ń fa afẹ́fẹ́ àfikún. Mo gé rọ́bà mìíràn, mo dì í pinpin.

Ní Sátidé, Tíṣà gùn ún gun òkè Mápó, wọ́n padà dé, wọ́n dẹwọ́ eré pátápátá. Kò gbọ̀n. Ìgbà náà gan-an ni Bàbá Bẹyẹrúnkà mú aránṣọ dé. Wọ́n dúró, wọ́n gbé ọwọ́ lé táńkì epo, wọ́n ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì. Aránṣọ béèrè ọjọ́ tí òun lè kó ẹ̀rọ òun wá. Bàbá Bẹyẹrúnkà nàka sí mi, wọ́n ní:

“Ẹ bi í. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù.”

Ṣé ẹ gbọ́ wọn níbi tí ẹ wà? Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ ṣé tí ẹ ò lé mi kúrò nídìí ẹ́ńjìnnì nígbà tí gbogbo àdúgbò ń sọ pé ẹ ń ba ọmọbìnrin yín jẹ́.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
Mẹkáníìkì Bẹ̀rẹ̀.