Kànga Sàárà Ìyá Mi

Olóòtú ètò orí rédíò wa, àsàlámù àlékùm. Ẹ kú làálàá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Olùkọ́ ìmọ̀ àyíká ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ìlọrin níbí. Lọ́dún 1999 yìí, wọ́n ní kí n ṣètò iṣẹ́ àyẹ̀wò tí akẹ́kọ̀ọ́ á máa rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n á máa ṣe nílé. Mo ní kí n kọ́kọ́ dán an wò. Mo bu omi kànga agboolé wa sínú ìgò tó ní oògùn àyẹ̀wò, èyí tó máa ń sọ omi di dúdú bí ìgbẹ́ bá wà nínú rẹ̀. Sàárà ìyá mi tó kú la fi kànga náà ṣe, kí láádá rẹ̀ lè máa bá wọn ní sàréè. Nígbà tó yá, omi náà di dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìgbẹ́ ṣáláńgá ti ń wọ inú kànga náà.

Mo ní ká dí i pa. Bàbá mi fa omi, wọ́n mu ún lójú mi, wọ́n ní: “Ṣé o fẹ́ gba láádá mọ́ ìyá ẹ lọ́wọ́ nínú sàréè ni?”

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, àwọn ọmọdé ń pọnmi níbẹ̀, wọ́n ń mu ún, wọ́n ń sọ pé, “Ọlọ́run á kẹ́ Ìyá.” Èmi náà sì ń ṣe àmín.