Ìròyìn Tí Mo Gbé Mì Lójú Ọ̀nà

Ẹ̀yìn odi ààfin,
níbi tí a ń so ràkúnmí mọ́.

Jìándì, àrẹ̀mọ mi,

Mo kí ọ bí bàbá ṣe ń kí ọmọ tó wà ní ọ̀nà jíjìn. Ara ńkọ́? Iṣẹ́ èbúté ńkọ́? Ṣé atẹ́gùn òkun Kàráṣì kò tíì kó ikọ́ bá ọ? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ. Èmi náà wà láàyè, mò ń jẹun, ṣùgbọ́n ara mi kò balẹ̀ rárá. Bí mo bá jókòó, màá dìde; bí mo bá dìde, màá tún jókòó. Àwọn ràkúnmí gan-an ti ń wò mí bíi wèrè.

Kí n tó lọ jìnnà, jẹ́ kí n bá ọ jà díẹ̀. Ẹni tó dé láti Kàráṣì jẹ́ iṣẹ́ tí o rán an: "Ẹ sọ fún bàbá mi pé àlàáfíà ni, kò sí nǹkan kan." Háà! Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn? Ṣé àwa Balúṣì máa ń pàdé ara wa lọ́nà ká má béèrè ìròyìn ni? Ẹni tí a bá sì bi léèrè gbọ́dọ̀ rò ó látòkè délẹ̀: ibi tó ti ń bọ̀, ẹni tó rí, kànga tó gbẹ, ewúrẹ́ tó bí ìbejì. Irọ́ kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ẹni tí a bá sọ fún pé "kò sí nǹkan kan", ọ̀tá la pè é yẹn. Mo mọ̀ pé ìlú ńlá ló kó bá ọ, mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà yìí ló kó èmi bàbá rẹ sínú ìjàngbọ̀n.

O ti gbọ́ pé àwọn ará òkè ṣọ̀tẹ̀ sí ọba wa nítorí owó orí àgùntàn. Àwọn ará òkè tí àbúrò rẹ Gránásì fẹ́ sí náà ni mò ń wí. Wọ́n mú agbowó-orí ọba, wọ́n fá irùngbọ̀n rẹ̀ lápá kan, wọ́n ní kó lọ fi apá kejì san owó orí tiwọn. Gbogbo ọjà ló rẹ́rìn-ín. Ọba nìkan ni kò rín. Ó ránṣẹ́ sí àwọn òyìnbó, wọ́n sì fi Ajẹ́lẹ̀ kan ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú ọmọ ogun àti ìbọn àgbá. Inú ọba dùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Ajẹ́lẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jókòó kí ọba tó jókòó.

Èmi ni wọ́n ní kí n ṣamọ̀nà gba inú odò gbígbẹ lọ, torí ràkúnmí ni yóò ru àgbá náà. Mo ní orúnkún ń dùn mí. Ọba pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Kámálán, iyọ̀ ta ni ò ń jẹ?" Mo ní, "Tiyín ni, Kábíyèsí." Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí òyìnbó fi ẹlòmíràn sórí ìtẹ́ mi ni?" Ó gbé Kùránì fún mi, mo sì búra pé ọ̀rọ̀ ìrìn àjò náà kò ní ti ẹnu mi jáde sí ẹnikẹ́ni. Jìándì, mo búra, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé àgọ́ àbúrò rẹ ni ìbọn yẹn ń lọ bá, òun àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Baba ńlá wa jẹ iyọ̀ ààfin. Ẹ̀rù sì bà mí, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Èmi àti ògbufọ̀ Ajẹ́lẹ̀, ọmọ ìlú wa níbí, la ṣíwájú. Àwọn ọmọ ogun ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí a dé ibi kànga, ta ni mo bá bí kò ṣe Mírdósì, bàbá ọkọ Gránásì, òun àti ewúrẹ́ rẹ̀! Ó pariwo, "Àna mi! Ṣé o ṣì wà láyé? Mo rò pé ọba ti fi ọ́ se ọbẹ̀ ni!" A dì mọ́ra. Ó jókòó, ó ká ẹsẹ̀, ó ní, "Ó yá, fún wa ní ìròyìn."

Bí mo bá rò ó, mo da májẹ̀mú. Bí mo bá purọ́ nínú ìròyìn, n kì í ṣe ènìyàn mọ́. Mo wolẹ̀, mo ní, "Àlàáfíà ni. Kò sí nǹkan kan." Ó wò mí títí, ó ní, "Kò sí nǹkan kan, Kámálán?" Mo ní, "Kò sí." Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó fi gbogbo ewúrẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó kọrí sókè, àgbàlagbà tó ń fi ọ̀pá rìn. Mi ò mọ̀ bóyá ó yé e ni, tàbí inú ló bí i lọ. Gbogbo ọ̀nà tó kù ni mo fi ń gbàdúrà kó jẹ́ pé ó yé e.

Nígbà tí a dé ibùdó àwọn ará òkè ní ọjọ́ kejì, Ajẹ́lẹ̀ ní kí wọ́n yìnbọn. Ilẹ̀ mì. Mo fi láwàní bo ojú mi, torí mo dá àgọ́ àbúrò rẹ mọ̀. Èmi ni mo ra irun ewúrẹ́ tí wọ́n fi hun ún. Nígbà tí èéfín lọ, a wọlé. Kò sí ènìyàn kan, kò sí ọmọ àgùntàn arọ pàápàá. Búrẹ́dì tí wọ́n ń yan mọ́ òkúta gbígbóná ṣì wà lára òkúta rẹ̀. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, mo yára sọ ọ́ di ikọ́.

Ajẹ́lẹ̀ gbaná jẹ. Ó ní ẹnì kan ló tú àṣírí, ẹni náà yóò sì kú. Bí a ṣe padà délé, wọ́n kó gbogbo wa jọ sí àgbàlá ààfin. Ògbufọ̀ búra pé òun wà níbẹ̀, pé ohun tí mo sọ fún bàbá náà kò ju "kò sí nǹkan kan" lọ. Ṣé kì í ṣe òótọ́ ló sọ? Ajẹ́lẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní olóòótọ́ ènìyàn ni mí. Àwọn ènìyàn wa ń wolẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí kò mọ ohun tí mo ṣe.

Ọba náà mọ̀. Ó wò mí, ó ní, "Kámálán, láti ìgbà tí o ti dé, o ò tíì fún mi ní ìròyìn. Jókòó." Ìròyìn ni ọba béèrè. Mo jókòó, mo rò ó láti ibi tí a ti di ẹrù títí dé ibi búrẹ́dì orí òkúta. Mo ní, "Ahọ́n mi pa májẹ̀mú yín mọ́, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kúkúrú yẹn lè ṣe, mo sì sọ ọ́. Ọmọ mi wà lókè níbẹ̀. Orí mi rèé." Ajẹ́lẹ̀ yíjú sí ògbufọ̀, ó ní kí ni ọkùnrin yìí ń rò láti àárọ̀. Ògbufọ̀ wo ojú ọba. Ọba ní, "Sọ fún un pé àlàáfíà ni. Kò sí nǹkan kan."

Gbogbo àgbàlá gbọ́ ohun tí ọba wí yẹn. Ajẹ́lẹ̀ nìkan ni kò gbọ́. Ṣe ló rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọba ti ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀ pé kí n wábi gbà kí Ajẹ́lẹ̀ tó gbọ́ èdè wa. Ìbọn àgbá ṣì wà níwájú ààfin. Wọ́n ní ọba ni wọ́n ń ṣọ́, àmọ́ ẹnu ìbọn náà ti kọjú sí ilé ọba. Níbo ni mo fẹ́ lọ, bí kò bá ṣe ọ̀dọ̀ Gránásì? Mo ti rán darandaran kan sí i pé kó fún mi ní ìròyìn ara rẹ̀ àti ti ọmọ. Ojú ọ̀nà ni mò ń wò láti àárọ̀.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí kànga rẹ gbẹ. O kò ní ṣìnà. Àwọn ọmọ rẹ yóò dá ọ lóhùn bí o bá pè wọ́n.

Èmi ni bàbá rẹ tí kò rí orun sùn,
Kámálán.

Àfikún: Darandaran náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó bá Gránásì, ara ọmọ náà le. Mo ní, "Kí ni ọmọ mi ní kí o sọ fún mi?" Ó wolẹ̀, kò fẹ́ sọ ọ́. Ó ní, "Ó ní kí n sọ fún yín pé àlàáfíà ni, kò sí nǹkan kan." Jìándì, fi iṣẹ́ èbúté sílẹ̀. Lọ bá mi rò ó fún un, látòkè délẹ̀. Ìbọn tí mo ṣamọ̀nà rẹ̀ nìkan ló mọ̀; bóyá yóò gbọ́ tìrẹ.