Màmá Dúró-Jẹ́-N-Yà-Ọ́, Ayàwòrán Ọkọ̀ Ojú Omi (1938–2021)

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1938 ni a bí ìyá wa sínú ilé alájà kan tó kọjú sí èbúté. Olórí àwọn tí ń já ẹrù ọkọ̀ ni bàbá wọn. Aránṣọ ni ìyá wọn. Màmá ni àbíkẹ́yìn ọmọ márùn-ún.

Ní 1953, lẹ́yìn ìwé mẹ́fà, wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ fọ́tò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá wọn. Ọmọ ọwọ́ àti ìyàwó tuntun ni ọ̀gá ń yà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńlá ló gba Màmá lọ́kàn. Wọ́n ní, "Ọkọ̀ kì í sunkún, kì í sì í ní kí n sọ òun di arẹwà." Igbe tí wọ́n máa ń ké sí ọkọ̀ tó ń wọlé ló di orúkọ wọn: Dúró-Jẹ́-N-Yà-Ọ́.

Ní 1959, wọ́n fẹ́ bàbá wa, ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe. Bàbá kò ra wúrà. Àkàsọ̀ irin ló rọ fún wọn, tí wọn yóò máa fi gun òrùlé ilé ìkẹ́rùsí láti ya ọkọ̀. Títí dọjọ́ alẹ́ wọn ni Màmá ń fi àkàsọ̀ náà yangàn.

Ní 1964, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan forí sọ èbúté. Ọ̀gá ọkọ̀ náà di ẹ̀bi ru ẹ̀gbọ́n Màmá, tó ń wa ọkọ̀ kékeré tí ń fa ọkọ̀ ńlá wọlé. Iṣẹ́ ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n nígbà tí Màmá gbé fọ́tò tí wọ́n yà láàárọ̀ ọjọ́ náà wọ ọ́fíìsì. Ọ̀gá èbúté ní, "Ìyáàfin, ẹ̀gbọ́n yín mà ni. Báwo la ṣe fẹ́ gbà yín gbọ́?"

Màmá fèsì: "Ẹ má gbà mí gbọ́, sà. Okùn ni kí ẹ wò."

Nínú fọ́tò, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ńlá ń fọwọ́ ara wọn tú okùn tí ọkọ̀ kékeré fi ń fà wọ́n. Ọ̀rọ̀ tán. Ẹ̀gbọ́n Màmá tún wa ọkọ̀ rẹ̀ fún ogún ọdún sí i, orí gbogbo ilé sì wú.

Màmá kì í pa ìsìn jẹ. Bí fèrè ọkọ̀ bá dún láàárín ìwàásù, ọrùn wọn a yí sí fèrèsé, àlùfáà a ní, "Màmá, Ọlọ́run wà níbí náà o."

Ní 2009, wọ́n fi ẹgbẹ̀rún mẹ́rin fọ́tò ta gbọ̀ngàn èbúté lọ́rẹ. Ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ orúkọ àwọn tó já ẹrù ọkọ̀ náà sí. Wọ́n ní ọkọ̀ ti ní orúkọ tirẹ̀ lára. Lọ́jọ́ tí a ṣí ìpàtẹ àwọn fọ́tò náà, ọkùnrin kan tó ti ń hewú ka orúkọ tí a tún kọ sábẹ́ fọ́tò kan, ó fọwọ́ kan gíláàsì: "Bàbá mi rèé! N kò rí ojú wọn rí." Màmá ní kó jókòó ti àwọn, wọ́n sì ròyìn bàbá rẹ̀ fún un títí olùṣọ́ fi wá tilẹ̀kùn.

Wọ́n papò dà ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ní ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án àti àtọmọdọ́mọ méjì ló gbẹ̀yìn wọn.

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èbúté ògo ni kí ẹ gúnlẹ̀ sí. Ẹ sùn un re.