Ère Ìyá Tó Wà Lẹ́bàá Kànga

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Láàárọ̀ àná ni mo wọkọ̀ lọ sí Ìlaròó, mo lọ wá ère ìyá yín. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ti rẹ́rìn-ín tó: wọ́n ní àlọ́ lẹ fi ń rẹ̀ wá lẹ́kún nígbà tá a wà ní kékeré, pé kò sí ère kankan níbì kankan.

Ẹ̀yin lẹ ṣáà máa ń sọ fún wa pé nígbà tí bíríkìlà kan ń mọ ère obìnrin tó jókòó lẹ́bàá kànga, ojú ìyá yín ló ń wò. Ìyá yín ò sì ya fọ́tò rí títí wọ́n fi kú. Bí mi ò bá rí ère yẹn, ibo ni mo tún fẹ́ ti rí ojú ìyá bàbá mi láyé yìí?

Ọyẹ́ ti mú, gbogbo ìlú funfun bí ẹni pé wọ́n ku èlùbọ́ sí i lórí. Ọlọ́kadà àkọ́kọ́ gbé mi lọ síbi ère jagunjagun tí gbogbo ayé mọ̀. Èkejì gbé mi dé ẹnu ọ̀nà póli. Tí mo bá sì bi àwọn àgbà, ohun tí kò sí mọ́ ni wọ́n fi ń júwe ọ̀nà: kí n yà níbi igi ọsàn tí wọ́n ti gé, kí n kọjá ilé tó ti wó. Ó yà mí lẹ́nu pé mo ń rí àwọn nǹkan náà bí mo ṣe ń lọ. Mo rí igi ọsàn yẹn, Bàbá. Mo gbóòórùn òdòdó rẹ̀. Mo rí ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ ti fi wá sílẹ̀ lọ, tẹ́ ẹ gbé rédíò lé àyà, tẹ́ ẹ ń kí àwọn adìyẹ ní "bọ́ńjúù" bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe tẹ́ ẹ bá ti bodè àwọn elédè Faransé ní Ìdí-Ìrókò dé.

Níbi tí ọ̀nà ti di tóóró láàárín ilé méjì, mo rí màmá kan tí wọ́n jókòó sábẹ́ páànù, wọ́n ró àdìrẹ, wọ́n wé gèlè, wọ́n kọ̀yìn sí mi. Mo kúnlẹ̀. Mo kí wọn kú ìjókòó, mo kí wọn kú ọyẹ́, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n júwe ère náà fún mi. Wọn ò dá mi lóhùn. Mo rò pé wọn ò gbọ́ràn dáadáa mọ́ ni, mo bá tún kí wọn sókè.

Ẹ̀rín ni mo gbọ́ lẹ́yìn mi. Àwọn obìnrin agboolé ibẹ̀ rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n ń di ògiri mú. Ère ni mo ń kúnlẹ̀ kí, Bàbá! Wọ́n máa ń wọṣọ fún un lásìkò ọyẹ́ kí òtútù má baà mú un.

Mo gba ẹ̀gbẹ́ kànga yí lọ síwájú rẹ̀. Kò sí ojú níbẹ̀. Òjò ti jẹ imú, ó ti jẹ ẹnu kí wọ́n tó fi páànù bò ó, sìmẹ́ńtì tó jọ̀lọ̀ ló kù. Mo bú sẹ́kún. Mo sọ fún wọn pé ìyá bàbá mi ni, ojú wọn ni mo wá wò.

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn mi orí.

"Gbogbo ẹni tó ń wá síbí ló ń wí bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ìyá tèmi náà ni."

Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá? Àbí ẹ kéré jù láti rántí ojú ìyá yín nígbà tí wọ́n kú, lẹ bá kúkú yan èyí? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wa? Mi ò bínú. Ó kàn ń dùn mí pé ẹ̀yin nìkan lẹ gbé e sọ́kàn.

Àgbà obìnrin náà tú gèlè orí ère tó ti kún fún eruku, wọ́n sì na tuntun sí mi. Nínú agboolé wọn, ẹni tó bá ti pè é ní ìyá, òun ni wíwé gèlè rẹ̀ kàn. Mo wé e, wọ́n ní ó fún jù. Mo tú u, mo tún un wé, títí ó fi jókòó dáadáa lórí ìyá àgbà mi.

Èmi ọmọ yín obìnrin, tí ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn rẹ̀.