Ẹ̀gbọ́n Ló Ń Gbé Ìsàlẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án
Dókítà ti tú mi sílẹ̀, àmọ́ kò tú mi sílẹ̀ tán. Ó ní nǹkan rírọ̀ tó yọ láàárín eegun ẹ̀yìn mi, nígbà tí mo dá fíríìjì gbé lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ti ń padà sáyè ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n má tíì fọwọ́ kan ẹrù ẹnikẹ́ni. Kí n lọ fún ẹsẹ̀ mi lágbára ná. Ẹsẹ̀ tó ti ń gun àtẹ̀gùn láti ọdún mọ́kàndínlógún — wọ́n ní kò lágbára. Mo gbà. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kó lè dájú: ọjọ́ kẹrin oṣù tó ń bọ̀ la máa kó ẹrù ìyá àgbà kan tó ti ṣe olùkọ́ rí, láti àjà kẹta. Kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Èmi àti Ọ̀pẹ, àbúrò mi gíga gbọọrọ, la jọ ń ṣiṣẹ́ kíkó ẹrù àwọn tó ń kó kúrò nílé, òfin kan ṣoṣo la sì ní: lórí àtẹ̀gùn, ẹ̀gbọ́n ló ń gbé ìsàlẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ni ẹrù ń tẹ̀ sí. Ọ̀pẹ ní òun á wá ẹlòmíràn síbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mi ò fẹ́. Àyè mi ni.

Ọjọ́rú, 3 Oṣù Kẹsàn-án
Mo lọ sọ́dọ̀ obìnrin tí dókítà júwe, ẹni tó ń kọ́ aláìsàn ní eré ìdárayá. Yàrá rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe. Obìnrin kúkúrú, ohùn rẹ̀ ga. Mo ti sọ ọ́ ní Sójà. Mo rò pé irin ńlá ló máa gbé fún mi. Àga onígi ló gbé wá. "Bàbá, ẹ jókòó. Ẹ dìde. Ẹ má fọwọ́ ti nǹkan kan." Ó tán. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án, itan mi ń gbọ̀n bíi ti ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Oṣù Kẹsàn-án
Agbára káká ni mo fi sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn. Itan ló ń dùn mí o, kì í ṣe ẹ̀yìn. Inú mi dùn débi pé mò ń rẹ́rìn-ín. Adájọ́ — ìyàwó mi — ní bóyá orí ni kí dókítà tún wò.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Kẹsàn-án
Sójà ti fi gígun orí àpótí kún un. Ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, rọra sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ òsì. Lẹ́yìn náà kí n sùn sílẹ̀, kí n ká orúnkún, kí n gbé ìdí kúrò nílẹ̀. "Ìdí yín ń sùn, Bàbá. Ẹ jí i." Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ó ní tí ìdí àti itan bá ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn á sinmi. Pé ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ̀yìn mi ti ń bá wọn ṣe tiwọn. Àti pé tí mo bá gbé nǹkan, kí ojú mi wà lókè. Ilẹ̀ ni mo máa ń wò ní tèmi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Kẹsàn-án
Mo yọ́ gbé àpótí ìwé kan wò. Ẹ̀yìn ké. Adájọ́ ò bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Oṣù Kẹsàn-án
Mo jẹ́wọ́ fún Sójà. Kò bínú. Ó ní ká padà sórí àga. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Mo jókòó, mo dìde, mo jókòó.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Oṣù Kẹsàn-án
Ṣòkòtò aláwọ̀ eérú ò gba itan mi mọ́. Mo mú téèpù, mo ní kí Adájọ́ wọ̀n ọ́n. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó ti fi ìka kan lé sí i, pé kí n má wá máa yan káàkiri ilé. Mo yan káàkiri ilé.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 Oṣù Kẹsàn-án
Mo gbá irin mọ́ àyà, mo lọ sílẹ̀, mo dìde, ogún ìgbà. Kò sí ìrora. Sójà ní kí n fi bí a ṣe ń gbé kọ́bọ́ọ̀dù han òun. Mo fi tábìlì rẹ̀ júwe. Ó ní ìsàlẹ̀ dára fún mi: ẹ̀yìn á nà, ẹsẹ̀ ni yóò ṣiṣẹ́. Ó ní ta ló wá ń wà lókè? Mo ní àbúrò mi, ibi tó rọrùn ni mo fi í sí. Ó ní rọrùn kẹ̀, ṣebí ẹni tó wà lókè ló ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù. Mo ní kò sí nǹkan tó ń ṣe Ọ̀pẹ. Sójà ní mo lè lọ gbé kọ́bọ́ọ̀dù náà, bí a bá kọ́kọ́ yọ dúrọ́ọ̀ inú rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹwàá
A gbé kọ́bọ́ọ̀dù náà. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnléláàádọ́ta. Àyà síta, ojú sókè, bí Sójà ṣe wí. Itan mi gbà á, ẹ̀yìn mi tutù bí omi àmù. Orí mi ń wú. Níbi tí a ti fẹ́ yí ní àjà kejì ni mo rí ojú Ọ̀pẹ. Ọdún mọ́kàndínlógún, mi ò rí ojú rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn rí. Ó tẹ̀ bí ìwọ̀ lókè níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kọjá orúnkún lọ sísàlẹ̀, ó di eyín, omi ti lé sí i lójú. Mo ní ká sọ ọ́ kalẹ̀.

Mo bi í pé kí ló ṣe é. Ó ní kò sí. Mo tún bi í. Ó ní ẹ̀yìn ni. Láti ìgbà wo? "Bọ̀dá, ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́rin." Kí ló dé tí kò sọ? Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún gbogbo èèyàn pé torí tèmi lẹ ṣe gbé ibi tó nira. Kí ni mo fẹ́ wí?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Mo pè é ní ìfẹ́, ìfẹ́ náà sì ni, àmọ́ mi ò bi í léèrè lọ́jọ́ kan. Ìyá àgbà fún wa lómi. A tú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà kó lè fúyẹ́, a sì ń sinmi ní gbogbo ibi tí àtẹ̀gùn ti yí. Ó pẹ́ ká tó délẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá
Mo mú Ọ̀pẹ lọ sọ́dọ̀ Sójà. Ohun tó bá ojú, ó bá imú. Sójà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kó kọ́kọ́ lọ rí dókítà, pé ní oṣù méjì sí i, a ó lè máa pààrọ̀ àyè ní àjà kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni òfin tuntun. Lẹ́yìn náà ó ní kí ó fẹ̀yìn ti ògiri, kí ó rọra jókòó sórí òfìfo. Ọkùnrin gígùn. Kò pẹ́ tó fi yọ̀ wá sílẹ̀, tó jókòó sórí ẹní, tó ń rẹ́rìn-ín bí ìgbà tí a wà lọ́mọdé. Ó nawọ́ sí mi kí n fà á dìde. Mo ká orúnkún. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ rọra, ẹ̀yìn yín."

Mo ní, "Tìẹ ńkọ́?"