Ọjọ́ Orò Nínú Rẹ́jísítà Mobọ́lájí

                                        Ojúlé Kejìlá,
                                        Òkè-Balógun,
                                        Ẹ̀pẹ́.
                                        Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Keje, ọdún 2025.

Mobọ́lájí, ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Orúnkún Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ti lè gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi le, gbogbo ilé wa ní Ẹ̀pẹ́ ń kí ọ. Mo ti kí ọ tán. Jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ rẹ.

O ti lé Mùlíkátù lẹ́nu iṣẹ́. Èmi ni mo mú un wá fún ọ. Ọdún méje ló fi ń di ẹja yíyan sínú ọ̀rá fún ọ ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, òun ló kọ́ ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀ níṣẹ́, o wá lé e nítorí ọjọ́ mẹ́ta tí kò wá. Ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Orò wà níta ní Ìkòròdú níbi tó ń gbé. Adéòjó mánẹ́jà rẹ mọ̀. Akọ̀wé tó tẹ ìwé tí ẹ fi lé e mọ̀. Ìwọ náà mọ̀, torí Màmá sọ fún mi pé àwọn ò lè yọjú síta, pé ìwọ lo lọ ra búrẹ́dì fún àwọn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Orò àkọ́kọ́, Adéòjó kọ ọ́ sórí Wáàsáàpù ilé iṣẹ́ pé: "Ẹ̀yin obìnrin tó ń gbé inú ìlú, Orò ń jáde lọ́la, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jáde o." Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkùnrin kan náà ṣí rẹ́jísítà, ó kọ ọ́ síwájú orúkọ Mùlíkátù pé: "Kò wá, kò gbàyè." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀.

Mùlíkátù lọ bá a. Adéòjó ní, "Màdáámù, ilé iṣẹ́ ò bá wọn dá Orò sílẹ̀. Ìbẹ̀ṣẹ̀ ṣí, ẹ ò wá." Mùlíkátù ní, "Ọ̀gá, ṣé kí n gba ojú ọ̀run wọlé ni?" Adéòjó rẹ́rìn-ín, ó ní nígbà mìíràn kó yáa wá sùn mọ́jú síbi iṣẹ́, kó tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ yìnyín. Ẹni tó o fi ṣe olórí òṣìṣẹ́ nìyẹn. Èmi ò lè ní kó bá mi ṣọ́ ìkòkò ẹ̀wà lórí iná.

Wo Uwais. Ilé kan náà ni òun àti Mùlíkátù ń gbé ní Lásunwọ̀n, yàrá wọn kọjú síra. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ Orò, Uwais wọ bàtà, ó wọ kẹ̀kẹ́ Máruwá, ó débi iṣẹ́. O ti wá sọ ọ́ di súpáfásọ̀, o ní kì í pa iṣẹ́ jẹ. Kí ló fi ju Mùlíkátù lọ, yàtọ̀ sí pé ó jẹ́ ọkùnrin? Ohun tí adájọ́ máa bi ọ́ nìyẹn, mo sì fẹ́ wà níbẹ̀ kí n gbọ́ èsì rẹ.

O ń sọ fún mi lórí fóònù pé o ò kórìíra obìnrin, pé òfin kan náà lo fi de gbogbo èèyàn. Ìwọ àti èmi la jọ jókòó ní kíláàsì òfin iṣẹ́ tí wọ́n ti kọ́ wa ní nǹkan yìí. Ṣé o ń sùn ni? Kò sẹ́ni tó máa yẹ ọkàn rẹ wò. Ìwé òfin Nàìjíríà ní kí wọ́n má fìyà jẹ èèyàn torí pé ó jẹ́ obìnrin. Ilé ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ máa wo àwọn tí ìlànà rẹ ń gbá dànù, kódà bí o bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ti gbogbo èèyàn ni. Ohun tí Adéòjó bá sì fi orúkọ ilé iṣẹ́ ṣe, ìwọ lo ṣe é. Má wulẹ̀ sọ fún wọn pé mánẹ́jà ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mò ń bá Orò jà. Ìlú ló ni Orò, wọ́n sì ń kéde ọjọ́ rẹ̀ kó tó pé. Iṣẹ́ tìrẹ ni kó o ka ọjọ́ náà sí àyè, bí o ṣe ń ka Iléyá. Ìlà kan ṣoṣo ni nínú ìwé ìlànà yín. Láti oṣù Kejì ni mo ti kọ ìlà náà ránṣẹ́ sí ọ. O ní o máa wò ó.

Ohun tí mo ń fẹ́ rèé. Kọ ìwé mìíràn tó dá Mùlíkátù padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà pé àyè ni ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fún òun àti gbogbo obìnrin tó ń gbé inú ìlú. Kí Adéòjó má fọwọ́ kàn án, ìwọ ni kó o fọwọ́ sí i. Mùlíkátù ti rí lọ́yà. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó dúró di Jímọ̀ yìí, aago méjìlá ọ̀sán. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ó máa fọwọ́ sí ìwé ẹjọ́, èmi ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ tí Adéòjó kọ sórí Wáàsáàpù á sì wà lọ́wọ́ mi.

Bá mi kí Màmá, sọ fún wọn pé mo ti rí òróró tí wọ́n fi ń pa orúnkún. Má fi ìwé Mùlíkátù rán ẹnikẹ́ni. Gbé e lọ sí Lásunwọ̀n fúnra rẹ. Ọkùnrin ni ọ́, kò sọ́jọ́ tí ọ̀nà dí mọ́ ọ.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní bá ọ bò ó,

Zulaykha Àlímì