Oyin Tí Kò Ta Keturah

                                        Ilé Màmá Keturah,
                                        Ìsàlẹ̀ Ọba,
                                        Igbó-Ọrà.
                                        Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Adébùkọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtọjọ́pẹ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara Bàbá le? Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Peculiar àbúrò rẹ ńkọ́, ṣé kò tíì jáwọ́ nínú yíyẹ fóònù rẹ wò? Òun ló jẹ́ kí n fi bébà kọ èyí, torí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tó o gbà kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ lè kún, tó o ní o fẹ́ lọ gba oògùn tí yóò yọ́ ọ kúrò, kì í ṣe ohun tó yẹ kó kà.

Èmi náà wà dáadáa. Ní ìrọ̀lẹ́, tí mo bá ti ilé-ìwé dé, mo máa ń gbé àpótí kékeré lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí Màmá Keturah, onílé mi, ti ń bó ẹ̀gúsí. Wọ́n á ti wọ́n omi sí i kí èèpo rẹ̀ lè rọ̀. Màá mú ẹyọ kan, màá fi àtàǹpàkò tẹ ẹnu rẹ̀ tó rí ṣóńṣó, èèpo á là sí méjì, funfun inú rẹ̀ á bọ́ sínú abọ́. Màá tún mú òmíràn. O mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í yá lẹ́nu mi láàrin àlejò. Láti oṣù mẹ́ta tí mo ti dé ìlú yìí, ẹ̀gúsí nìkan ni mo rí tí mo lè fi jókòó ti ènìyàn láì sọ̀rọ̀, tí wọn ò sì ní pè é ní ìgbéraga.

Níbẹ̀ ni mo wà lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, nígbà tí Keturah, ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, wá sílé pẹ̀lú ìbòmú. Ó fi ọdún kan péré jù mí lọ, ó ní kí n má pe òun ní àǹtí. Ó ní ọ̀fìnkìn ló ń ṣe òun. Ní ọjọ́ kẹta, ìbòmú já bọ́. Ètè rẹ̀ wú, apá òsì ga ju ọ̀tún lọ, kókó kan sì wà níbẹ̀ bí ẹyọ àgbàdo.

"Keturah! Kí ló ṣe ẹnu rẹ?"

"Oyin ló ta mí, Màmá. Lábẹ́ igi máńgòrò yẹn."

"Oyin wo? Oyin tó ta ọ́ lóko Tápà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, orí ọ̀kadà la gbé ọ dé ọsibítù, o ò lè mí mọ́! Èyí wá ta ọ́, o sì ń jẹ ẹ̀kọ?"

"Bóyá oyin àgbà ni, Màmá. Ó lè jẹ́ pé eyín ti ká lẹ́nu ẹ̀."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń kó koríko gbígbẹ jọ sídìí igi náà.

Keturah wá jẹ́wọ́ fún mi nínú yàrá mi. Ó lọ gba abẹ́rẹ́ tó ń mú ètè kún ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ṣe ojú lóge ní Ìbàdàn. Ó wá fẹ́ gba oògùn tí yóò yọ́ ọ kúrò báyìí. Obìnrin tó gún un ní, "Máa bọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ni." Kò bi í ní ìbéèrè kan. Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, Keturah bẹ̀ mí kí n sin òun lọ, a sì bá ṣọ́ọ̀bù náà ní títì. Títì tó tì yẹn ni mo ṣì ń dúpẹ́ lé lórí. Ibi iṣẹ́ dókítà awọ ara kan la padà lọ.

Dókítà náà, obìnrin ni wọ́n, bi í nípa irú èyí tí wọ́n gún sí i, torí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni oògùn náà ń yọ́. Àwòrán páálí rẹ̀ wà lórí fóònù Keturah. Wọ́n bi í bóyá ó lóyún, bóyá egbò wà lẹ́nu rẹ̀, oògùn wo ló ń lò. Wọ́n wá ní, "Ṣé oyin tàbí agbọ́n ti ta ọ́ rí, tí ara rẹ kò gbà á?"

"Rárá, mà."

Ó yára sọ ọ́, ó sì wò mí. Mo mọ̀ pé irọ́ tó pa fún Màmá ló wà lọ́kàn rẹ̀. Dókítà fa díẹ̀ nínú oògùn náà, wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ fi dán apá rẹ̀ wò. Bùkọ́lá, èmi tí ọkọ̀ máa ń gbé kọjá ibi tí mo ti fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀ torí pé ojú ń tì mí láti sọ pé "ó wà o"! Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Oyin ta á rí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Kò lè mí."

Keturah yíjú sí mi. "Ọláyẹmí, irọ́ ni mo pa fún Màmá o!"

"Tìrẹ ni irọ́. Ti Màmá kì í ṣe irọ́."

Dókítà gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ohun tó wà nínú oògùn náà bá ohun tó wà nínú oró oyin tan, ẹni tí oyin bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀ rí, oògùn náà lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí kò ti sí ewu, kí Keturah fi ohun tó wà ní ètè rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Yóò máa yọ́ fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó lè tó ọdún kan. Ṣùgbọ́n bí ètè bá dédé funfun tàbí tó ń dùn ún gan-an, kó sáré wá. Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, Keturah di ọwọ́ mi mú títí a fi dé Ẹrúwà. Ara tù mí bí ẹni tó sọ ẹrù igi kalẹ̀.

Nítorí náà, má lọ síbi tí wọn ò ti ní bi ọ́ ní nǹkan kan. Wá orúkọ ohun tí wọ́n gún sí ọ. Jẹ́ kí wọ́n dán an wò lápá rẹ, kó o sì jókòó dúró nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Rí i pé oògùn ìdóòlà ẹ̀mí, fún ẹni tí kò bá lè mí mọ́, wà nítòsí wọn. Dókítà sọ pé ojú lè wú fún ọjọ́ mélòó kan, pé ó lè yọ́ ju bí ènìyàn ṣe fẹ́ lọ, tàbí kí ènìyàn padà lọ lẹ́ẹ̀kejì. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bi Màmá tìrẹ bóyá oyin ta ọ́ rí ní kékeré. Bí ọmọdé kò bá ìtàn, á bá àrọ́bá.

Bá mi kí gbogbo ilé, kí o sì bá mi fa Peculiar létí.

Lọ́la ni Màmá fẹ́ fi èéfín lé oyin kúrò lórí igi máńgòrò. Ẹyẹ ẹ̀gà ló kún orí rẹ̀, kò sí oyin kan níbẹ̀, koríko tí wọ́n kó jọ sì ti dé mi lórúnkún. Keturah ní òun á sọ òtítọ́ kí wọ́n tó ṣáná sí i, ó ní kí n jókòó ti òun. Lọ́la, màá gbé àpótí mi sáàrin àwọn méjèèjì, bí ọ̀rọ̀ bá sì há a lọ́fun, èmi ni màá kọ́kọ́ la ẹnu.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í sọ̀rọ̀,
                                        Ọláyẹmí.